Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Lórí Kámẹ́rà Tó Ń Gbọ̀n Nínú Fíìmù Ìjà

Àwọn àgbà wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ohun tí àwọn tó ń ṣe fíìmù ìjà ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń tà fún wa láti nǹkan bí ogún ọdún ó lé díẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ròyìn ìjà fún wa mọ́, àwọn fẹ́ ká fojú ara wa bá a níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà fi kúrò lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta tó máa ń dúró lé, tó bọ́ sí èjìká ẹni tó ń yàwòrán, tó ń sáré, tó ń gbọ̀n, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ pẹ̀lú ẹni tí wọ́n ń lé. Ìdí náà nìyẹn tí wọ́n fi ń gé àwòrán wẹ́wẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá. Mo fẹ́ tú ọjà yìí wò, torí pé nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wọ̀nyẹn, àfojúbà ni wọ́n kọ sára páálí, ìròyìn ló wà nínú rẹ̀. Ìròyìn tí kò tiẹ̀ já gaara.

Ẹni tí gbogbo ayé máa ń kọ́kọ́ dárúkọ tí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀ ni Paul Greengrass, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà lé èjìká, ṣùgbọ́n fíìmù méjì tó ṣe nípa Jason Bourne, ìyẹn The Bourne Supremacy ní 2004 àti The Bourne Ultimatum ní 2007, ló sọ ọ́ di àṣà tí gbogbo èèyàn ń tẹ̀ lé. (Ó padà ṣe òmíràn ní 2016. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.) Matt Damon ni Bourne, apànìyàn tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ níṣẹ́ tí kò sì rántí ara rẹ̀ mọ́. David Bordwell, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà tó máa ń ka ṣọ́ọ̀tì inú fíìmù bí ẹni ń ka owó ẹyọ, ka nǹkan bíi 3,200 nínú Ultimatum láàárín ìṣẹ́jú 105. Ṣọ́ọ̀tì tí mò ń wí ni àwòrán kan ṣoṣo, láti ìgbà tí kámẹ́rà bá lajú títí dìgbà tí wọ́n bá gé e. Ẹ pín in wò: ìṣẹ́jú àáyá 2 péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ojú tó mọ ohun tó ń wò, ó ti lọ. Christopher Rouse tó gé fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún un, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn òǹwòran kan ń ráhùn pé òòyì kọ́ àwọn ní sinimá. Àwọn méjèèjì ni mo gbà fún.

Kí n tó sọ ibi tí mo ti ń bá a jà, ẹ jẹ́ kí n yìn ín níbi tó yẹ. Ìran kan wà nínú Ultimatum, ní ibùdókọ̀ ojú irin Waterloo ní Lọ́ńdọ̀nù. Akọ̀ròyìn kan, Simon Ross, wà láàárín èrò rẹpẹtẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ CIA ń ṣọ́ ọ láti inú ọ́fíìsì nípasẹ̀ àwọn kámẹ́rà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ibùdókọ̀ náà, wọ́n sì ti rán apànìyàn sí i. Bourne wà nítòsí, ó ń bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù: dúró, máa bọ̀, bẹ̀rẹ̀, yà síbẹ̀. Kámẹ́rà ń gbọ̀n, gígé ń bá gígé lọ, ṣùgbọ́n a ò sọnù rárá. Ohùn Bourne ló di ọwọ́ wa mú bó ti di ọwọ́ Ross mú. Ó ń sọ ibi tó yẹ ká wò fún wa kí àwòrán tó débẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rù wá ba Ross, tó kọ ìkìlọ̀, tó jáde sí gbangba, ọta bà á. A mọ ibi tí ààbò wà, ìdí nìyẹn tí a fi mọ ohun tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò nínú rẹ̀. Ìran tó péye ni. Mo máa ń fi í kọ́ni nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan nínú yín á rántí.

Ẹ wá wo èyí tí wọ́n ń yìn jù, ìjà inú ilé ní Tangier, láàárín Bourne àti Desh. Kò sí orin kankan lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn sì dára. Yàrá kékeré, ògiri, ìwé tí Bourne fi ń gbá a, táwẹ́lì tó fi fún un lọ́rùn níkẹyìn. Mo ti wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń bi í. Ta ló wà lápá ẹnu ọ̀nà? Ìgbà wo ni ìjà yí padà, tí ẹni tí wọ́n ń lù di ẹni tó ń lù? Àwòrán kò sọ fún mi. Etí mi ló ń gbọ́ ọ: gbì! gbàgà! nǹkan fọ́ yángá. Ohùn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, àwòrán kàn ń rú gùdù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rédíò ni. Rédíò tó dára gan-an ni, àmọ́ rédíò ni.

Ìbéèrè tó wá kàn ni pé níbo ni Greengrass ti rí irú kámẹ́rà yìí. Ibi iṣẹ́ ìròyìn orí tẹlifíṣọ̀n ló ti wá, lórí ètò World in Action tó máa ń tú àṣírí àwọn alágbára. Ní 2002, kó tó bá Bourne pàdé, ó ṣe Bloody Sunday, tó dá lórí ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1972 ní ìlú Derry, ní àríwá Ireland, nígbà tí àwọn sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu àwọn tó ń wọ́de nítorí ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú. Èèyàn 13 kú lọ́jọ́ náà, ẹnì kẹrìnlá kú lẹ́yìn náà. Kámẹ́rà ń gbọ̀n níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ń sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri bí àwọn èèyàn ṣe ń sá, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó rí ẹni tó ṣubú. Láàárín ìran kan sí èkejì, gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀, bíi ti ẹlẹ́rìí tó dákẹ́ fi mí kó tó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Gbígbọ̀n náà tọ́ níbẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni gbogbo ẹjọ́ Derry. Ìwádìí àkọ́kọ́ tí ìjọba ṣe, lábẹ́ Adájọ́ Widgery ní 1972 kan náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ dá àwọn sójà láre pátápátá. Ó di 2010 kí ìwádìí Saville tó kéde pé kò sí ìkankan nínú àwọn tí ìbọn bà tó ń ṣe ohun tó lè wu ẹ̀mí sójà kankan léwu, tí olórí ìjọba, David Cameron, sì tọrọ àforíjì nílé aṣòfin. Ọdún 38! Nígbà tí fíìmù náà jáde, ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀. Kámẹ́rà tó dúró láàárín èrò, tí kò ga ju èrò lọ, ń sọ pé: ibi tí àwọn wọ̀nyí dúró ni mo dúró, ohun tí wọ́n rí ni mo rí. Bó sì ti ń gbọ̀n tó, kò sí àní-àní lójú wa nípa ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

Àwa náà mọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, ní ẹnubodè Lekki, fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ fi ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Òkùnkùn ni, igbe ni, àsíá ni. Títí dòní, àwọn èèyàn ṣì ń fi àwòrán wọ̀nyẹn jiyàn, wọ́n ń dá a dúró, wọ́n ń dá a padà, wọ́n ń wá ohun tí ojú lè jẹ́rìí sí nínú rẹ̀. Fóònù yẹn gbọ̀n torí pé ọwọ́ tó mú un ń gbọ̀n.

Wọ́n wá gbé gbígbọ̀n yẹn lọ bá Bourne ní Tangier. Ẹ̀rí kí ló fẹ́ jẹ́ níbẹ̀? Ńṣe ni wọ́n jókòó ṣètò ẹ̀ṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí àwọn òṣèré fi í dánra wò léraléra, tí wọ́n sì mọ ibi tí ìwé máa bọ́ sí kí wọ́n tó tan iná. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kámẹ́rà wá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ìjà ń bọ̀. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọ̀n níbẹ̀. Wọ́n sanwó fún un kó máa gbọ̀n ni. Ohun tó sì ń dùn mí níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá lo àmì ẹlẹ́rìí báyìí fún ogún ọdún láti fi ta gúgúrú, ojú àwọn ọmọ wa á ti mọ́ ọn débi pé tí wọ́n bá rí èyí tó jẹ́ òótọ́, wọ́n á wò ó bí ọgbọ́n oníṣẹ́ fíìmù.

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́, tó ti di ọ̀gá nídìí kámẹ́rà báyìí, bá mi jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní, "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìjà gidi kì í já gaara. Ẹni tó bá ti jà rí mọ̀ pé ojú ń ṣókùnkùn ni. Òótọ́ ni Greengrass ń sọ." Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ta ni kò já gaara fún? Ẹ wo awakọ̀ tó há sáàárín tírélà méjì lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn ló ń pariwo "Jésù!" tó sì dijú. Awakọ̀ kì í pariwo. Ó mọ ibi tí tírélà ọ̀tún wà, ó mọ ibi tí ti òsì wà, ó mọ iye àyè tó kù níwájú. Ìbẹ̀rù là á lójú ni, kò fọ́ ọ lójú. Awakọ̀ yìí gan-an sì ni Bourne. Nínú fíìmù àkọ́kọ́, The Bourne Identity, tí Doug Liman ṣe ní 2002, Bourne jókòó sílé oúnjẹ, ó ń sọ fún obìnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀ pé òun lè ka nọ́ńbà gbogbo mọ́tò tó wà níta láìyíjú wò wọ́n, ìyẹn sì ń dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀. Fíìmù tó bá fẹ́ fi wá sínú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó jẹ́ ká ríran ju bí a ti ń rí lọ ni. Greengrass fi wá sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó wá ní àwa la ń wa mọ́tò.

Nígbà mìíràn sì rèé, kò sí èrò kankan nídìí rẹ̀, wọ́n kàn ń fi bo àléébù ni. Nínú Taken 3, Liam Neeson, tó ti lé ní 60 ọdún nígbà náà, fo ọgbà onírin kan. Olùdarí rẹ̀, Olivier Megaton, fi ṣọ́ọ̀tì tó lé ní 10 ṣe é láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6. Ẹsẹ̀, ọwọ́, irin, ajá, ẹsẹ̀, irin. Èmi náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, mo mọ ohun tí ọgbà jẹ́. Tí baba bá fẹ́ fo ọgbà, ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe fò ó. Tí kò bá lè fò ó, ẹ ṣí géètì fún un.

Àmọ́ ẹ má ṣe rò pé eré kíkankíkan ni mò ń bá jà. Mad Max: Fury Road tí George Miller, ará Australia, ṣe ní 2015, ní nǹkan bíi ṣọ́ọ̀tì 2,700 láàárín wákàtí 2. Ẹ ṣírò ẹ̀, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 2 àbọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Ultimatum. Síbẹ̀ kò sí ibi tí ojú ti ń dààmú. Margaret Sixel, ìyàwó Miller, ló gé e, láti inú àwòrán tó tó nǹkan bíi wákàtí 480 tí wọ́n yà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní aṣálẹ̀ Namibia. Obìnrin náà kò gé fíìmù ìjà rí, Miller sì ti sọ ọ́ pé ìdí gan-an tí òun fi bẹ̀ ẹ́ nìyẹn: tó bá jẹ́ àwọn ọkùnrin tó ti mọ́ lára ló gé e, á jọ gbogbo èyí tó kù. Òun náà gba Oscar.

Ọgbọ́n tí wọ́n lò rọrùn débi pé ó ń ya èèyàn lẹ́nu. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, àárín gbùngbùn ni John Seale tó ń ya fíìmù náà fi í sí. Tí ojú rẹ bá wà lára ojú Furiosa nígbà tí wọ́n gé e, ibi tí ojú rẹ wà yẹn gan-an ni ìbọn tàbí ọwọ́ tàbí táyà tó kàn á bọ́ sí. Ojú kì í wá nǹkan kiri. Ẹ ti rí àwọn tó ń ju búlọ́ọ̀kù fún bíríkìlà tó wà lórí àkàbà? Ibi kan náà ni wọ́n ń jù ú sí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè yára. Ẹni tó bá ń jù ú sọ́tùn-ún sósì, kò pẹ́ tí ẹnì kan á fi forí gbà á. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo fíìmù náà: wọ́n lọ, wọ́n padà. Nígbàkígbà tí ẹ bá là ojú, ẹ mọ ẹni tó wà níwájú, ẹ mọ ẹni tó ń lé e. Nígbà tí àwọn ajagun wá gun orí òpó gíga tó ń fì láti ọkọ̀ kan sí òmíràn, Miller fà sẹ́yìn kí a lè rí ọkọ̀, òpó, àti èèyàn tó wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ara wa bù máṣọ torí pé a rí i.

Alfonso Cuarón, ará Mexico, gba ọ̀nà òdìkejì. Kò gé, tàbí kí n sọ pé ó fi ojú gígé pamọ́. Nínú Children of Men (2006), ó ti tó ọdún 18 tí obìnrin kankan láyé ti bímọ gbẹ̀yìn. Èèyàn márùn-ún wà nínú mọ́tò kan lójú ọ̀nà inú igbó, kámẹ́rà Emmanuel Lubezki sì wà láàárín wọn, ó ń yíjú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n ti tún mọ́tò náà ṣe kí kámẹ́rà lè máa rìn lókè orí wọn, kí ìjókòó sì máa wó sẹ́yìn kí òṣèré lè yẹra fún un. Theo àti Julian, tọkọtaya tó ti kọ ara wọn sílẹ̀ tipẹ́, ń fi ẹnu fẹ́ bọ́ọ̀lù kékeré kan síra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mọ́tò tó ń jó yí gbirigbiri jáde látinú igbó, ó dí ọ̀nà. Àwọn èèyàn ya jáde pẹ̀lú òkò. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn sá, ọ̀kadà kan lé wọn bá, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yìnbọn, ọta la gíláàsì iwájú kọjá, ó ba Julian lọ́rùn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín ẹnu Julian àti ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ pé wọ́n gé e, ojú wa ì bá rí ihò sá gbà. A jókòó síbẹ̀ nígbà tó ń rẹ́rìn-ín, a jókòó síbẹ̀ nígbà tó ń kú, ìjókòó kan náà ni. Àfojúbà nìyẹn.

Lápá ìparí fíìmù yìí, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Bexhill, ẹ̀jẹ̀ ta sára lẹ́ǹsì kámẹ́rà. Cuarón ti sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé òun pariwo pé kí wọ́n dá a dúró, ariwo ìbúgbàù ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní ó ba nǹkan jẹ́, pé ó rán wa létí pé kámẹ́rà ló ń wò. Èmi ò gbàgbé rí pé kámẹ́rà ló ń wò, n kò sì rí i pé ó yẹ kí n gbàgbé. Ẹlẹ́rìí tó ní ẹ̀jẹ̀ lára ni mo rí.

Kí ẹnikẹ́ni má wá lọ rò pé àìgé ni oògùn rẹ̀ o. Sam Mendes àti Roger Deakins fi ọgbọ́n yìí ṣe odidi 1917 ní 2019. Ó lẹ́wà, Oscar Deakins sì tọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí fíìmù tó dé ìdajì, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ìsopọ̀ kiri bí ẹni ń ṣọ́ ọwọ́ onídán. Hardcore Henry tí Ilya Naishuller ará Rọ́ṣíà ṣe ní 2015 tiẹ̀ lọ jìnnà ju ìyẹn lọ: kámẹ́rà wà lórí òṣèré, ojú rẹ̀ la fi ń wo gbogbo nǹkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Robert Montgomery ti dán irú ẹ̀ wò ní 1947 nínú Lady in the Lake, inú dígí nìkan la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń rí i. Àwọn méjèèjì kùnà síbì kan náà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn sì fi ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn pamọ́ fún wa. A wà nínú ara rẹ̀, a ò sì mọ ohun tó ń dùn ún.

Àwọn ọmọ wa tó ń ya fíìmù ogun àti ìjà l'Ékòó àti n'Íbàdàn wà lọ́kàn mi bí mo ti ń kọ èyí. Aṣọ ogun wọn ti dára, ìlù wọn ń dún, ṣùgbọ́n bí idà bá ti jáde báyìí, kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. N ò ní dárúkọ fíìmù kankan. Mo mọ ohun tó fà á: ọjọ́ tí wọ́n fi ń ya fíìmù kò pọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń jó owó, òṣèré kò ráyè kọ́ ìjà. Keanu Reeves fi oṣù bíi mélòó kan kọ́ júdò àti ìbọn yíyìn kó tó ṣe John Wick (2014), Chad Stahelski tó sì darí rẹ̀ ti fara wewu dípò rẹ̀ nínú The Matrix tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà fi lè dúró lókèèrè kó máa wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Àkókò nìyẹn ná, àkókò sì lówó lórí. Gbígbọ̀n ò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe agbo ìjàkadì nílé wa kò lówó ju tiyín lọ. Kí ẹkẹ tó bẹ̀rẹ̀, àgbà kan á dìde, á ní, "Ẹ sún sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí agbo fẹ̀!" Ó ń sọ ọ́ kí ọmọdé tó wà lẹ́yìn pátápátá lè rí ẹ̀yìn ẹni tó kanlẹ̀. Tí wọn ò bá rí i, ìjà mìíràn ló máa bẹ́ láàárín àwọn òǹwòran.

Ẹ̀yin tó bá wù, ẹ gbìyànjú èyí lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n yín. Ẹ wo ìjà Tangier yẹn láìgbọ́ nǹkan kan, kí ẹ wá wo ibi tí àwọn ajagun ti ń fì lórí òpó nínú Fury Road bákan náà. Ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló lu ta, láti ẹ̀gbẹ́ wo, kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ibo ni ẹni tí wọ́n lù bọ́ sí. Níbi tí ẹ ò bá ti rí i, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má ṣe méfò.